Màmá Àgbà Kì Í Jókòó

Lọ́jọ́ fìdáù Màmá Àgbà, àlùfáà tó ṣe wáàsí ní onísùúrù obìnrin ni wọ́n, pé wọn kì í bá ènìyàn jà, pé ibi tí a bá fi wọ́n sí la ó ti bá wọn. Àwọn ènìyàn ń ṣe àmín. Èmi ò ṣe àmín. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ní ṣé òkú tiwa náà ni àlùfáà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àbí ó ti ṣi ilé yà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rere là ń sọ nípa òkú, ṣùgbọ́n èyí ti pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìwé yìí, bí ènìyàn bá lè pè é ní ìjókòó, nítorí mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó dé ìlà yìí. Ohun tí mo jogún lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Màmá Àgbà kì í jókòó. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n á gbé àwo lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n á máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, òkèlè kan níbí, òkèlè kan lọ́hùn-ún. Bí àlejò bá dé, wọ́n á gbé àga fún un, àwọn fúnra wọn á fẹ̀yìn ti ògiri. Kódà lórí ìrun, bí wọ́n bá jókòó, kíá ni wọ́n á ti sálámà, bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè. Obìnrin kan tó ń ta epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi wọ́n léèrè nígbà kan pé, "Ìyá Onítìmùtìmù, ṣé ẹ̀gún wà lórí àga yín ni?" Wọ́n dá a lóhùn pé, "Ìjókòó ń bọ̀ jàre. Ọjọ́ tó bá dé, ẹ ò ní rí mi gbé dìde mọ́."

Ìyá Onítìmùtìmù ni gbogbo Ìkọ̀tún mọ̀ wọ́n sí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, àwọn nìkan, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá kan. Ìrọ̀rí, tìmùtìmù àti ibùsùn ni wọ́n ń rán, òwú igi àràbà ni wọ́n sì ń kì sínú rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ òwú sí oòrùn, wọ́n á fi ọ̀pá nà án títí á fi wú, wọ́n á máa bá a wí bí ọmọ aláìgbọràn. Òwú náà ò mọ ààlà rárá. Ó wà nínú irun wa, ó wà nínú ọbẹ̀, àlejò tó bá mí kanlẹ̀ nílé wa á sín.

Nígbà tí owó epo dé, tí tíípà ń já yẹ̀pẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí a rò pé kò ní kọ́bọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń ra ilẹ̀ láti Ìgándò títí dé Egan, a ní ọjà tiwa ti dé nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́lé á kúkú sùn nínú rẹ̀. Fóòmù ló dé. Ọkọ̀ ńlá gbé e wá sí Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn ènìyàn ń sáré tẹ̀lé e. Màmá Àgbà lọ wò ó fúnra wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó padà sípò. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún padà. Wọ́n yíjú sí ẹni tó ń tà á, wọ́n ní, "Ọjà yín yìí ò níyè nínú. Ènìyàn á sùn lé e mọ́jú, kò ní rántí ẹni náà."

Èmi ni mo ń ru ìrọ̀rí lọ fún àwọn oníbàárà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ọmọkùnrin wọn ló bí mi, òun ló sì rán mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí n wá kọ́ iṣẹ́. Lójú ọ̀nà Ìgándò, níbi tí wọ́n ń kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí, ọmọ ẹ̀yìn tíípà kan wà tí wọ́n ń pè ní Tàjú. Bí mo bá ti ń kọjá, á di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, ibo lò ń lọ?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Mo bú u lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta mo fa ọwọ́ mi tagbáratagbára, gbogbo ìrọ̀rí orí mi sì dà sínú ẹrẹ̀. Mi ò lè gba ọ̀nà yẹn mọ́. 

Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá mi. Wọ́n ránṣẹ́ pé bí Èkó bá ti rí báyìí, àwọn ń bọ̀ wá mú mi lọ sílé tí Iléyá bá dé, ọkọ kan wà nílẹ̀ tó ń retí mi. Oṣù méjì ló kù. Mi ò fẹ́ ọkọ. Abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́, òwú ni mo fẹ́, ariwo Ìkọ̀tún ni mo fẹ́. Mo sunkún tọ Màmá Àgbà lọ pé kí wọ́n bá mi lọ bá Tàjú jà. Wọn ò dáwọ́ òwú tí wọ́n ń nà dúró. Wọ́n ní, "Èmi lè bá a jà lónìí. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́la ńkọ́? Ta ni yóò bá ìyẹn jà?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Kóòṣì wá. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, imú rẹ̀ ti wọ́, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Ẹ̀gbẹ́dá.

"Màmá, ẹ bá mi rán àpò gbọọrọ kan, kó ga tó ènìyàn. Kẹ́ ẹ kì í le dáadáa o. Ẹ̀ṣẹ́ la fẹ́ máa kàn án."

"Kí ni àpò náà ṣe yín?"

"Ká fi kọ́ṣẹ́ ni, Màmá."

Màmá Àgbà wò mí. "Màá rán an. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí á wà lára àwọn tó máa kàn án."

"Obìnrin kẹ̀! Wọn kì í kọ́ obìnrin ní ẹ̀ṣẹ́ jàre."

"Kò burú. Ẹ lọ kì fóòmù sí tiyín."

Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀kọ́ Kóòṣì nìyẹn. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ara mi tí kì í gbé ojú kan rí nǹkan ṣe. Ẹsẹ̀ òsì síwájú, ọwọ́ méjèèjì lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n máa fò díẹ̀díẹ̀. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí," Kóòṣì á máa pariwo, "ìwọ, ọwọ́ ni kó o fi ṣọ́ tìẹ!" Bí mo bá ń gbá àpò náà, imú Tàjú ni mò ń rí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mò ń kan ẹ̀ṣẹ́ lójú àlá.

Màmá Àgbà wá wò wá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń kan ẹ̀ṣẹ́, ọ̀kan gba tiẹ̀ lágbọ̀n, ó fi ìdí jókòó sórí sìmẹ́ńtì gbàmù. Gbogbo wa hó yè. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, Màmá Àgbà ti lọ, wọn ò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìka mi wú débi pé mi ò lè mú abẹ́rẹ́. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Ta lo tiẹ̀ ń kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, Tàjú ni àbí ara ẹ?"

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi, Rísí. Rísí ní ọ̀nà mìíràn wà, pé sójà kan tó ti ogun dé ń kọ́ ènìyàn ní jùjítsù ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, pé èyí kì í ṣe ti ẹ̀ṣẹ́, bí ènìyàn kékeré ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn ńlá ni. Mo sáré wọlé.

"Màmá Àgbà, mo fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀. Jùjítsù ni mo fẹ́ lọ kọ́."

Ọ̀pá òwú bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Jùjú kí ni?"

"Jùjítsù. Sójà kan ló ń—"

"Lá iláhà! Jùjú! Nínú ilé tèmi, ọmọ ọmọ mi ń wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní jùjú nítorí ọmọ ẹ̀yìn tíípà!"

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló ń gbọ́? Wọ́n ti pe àlùfáà àdúgbò, ó ti ka àdúà sínú omi, wọ́n ti da omi náà lé mi lórí kí n tó rí ọ̀nà sọ̀rọ̀. Bí òjò ti pa mí tán nínú ilé, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí n mú ọ̀nà Ìṣẹ̀rí pọ̀n. Wọ́n ń lọ níwájú, mò ń sáré tẹ̀lé wọn, gbogbo ẹni tí a bá pàdé lọ́nà ni wọ́n ń rò ó fún pé àwọn ń lọ bá oníjùjú kan.

A bá sójà náà, tí wọ́n ń pè ní Sájẹ̀ńtì, nínú àgbàlá kan, kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan dúró yí i ká lórí àwọn àpò tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

"Ìwọ lò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní jùjú?"

"Jùjú kẹ̀, Màmá? Ẹ káàsán, mà. Jùjítsù ni. Àwọn ará Japan ló ni ín."

"Ṣé wọ́n ń lo oògùn ní Japan náà ni?"

Sájẹ̀ńtì dọ̀bálẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín. "Kò sí oògùn ńbẹ̀, Màmá. Ẹ kàn wò ó."

Ó ní kí obìnrin yẹn wá. Ó dì í lọ́wọ́ mú, obìnrin náà yí ọrùn ọwọ́ síbi àtàǹpàkò rẹ̀, ọwọ́ yọ pọ́n-ún. Màmá Àgbà ní kí ó tún un ṣe. Ọwọ́ tún yọ. Lẹ́yìn náà wọ́n wá ń ṣubú. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, bí ẹni pé iṣẹ́ tí a gbé fún wọn nìyẹn. Sájẹ̀ńtì ní ìyẹn lòun kọ́kọ́ ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá, kódà kó jẹ́ ọ̀gá sójà.

"Ìṣubú?" Màmá Àgbà bi í. Ohùn wọn ti yí padà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Gbogbo ẹni tó ń jà ló máa ṣubú."

Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹ àpò ilẹ̀. "Kí lo kì sínú eléyìí?"

"Ìyẹ̀fun igi ni, Màmá."

"Ìkà ni ọ́." Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n fi gba ìdí. "Ó dáa. Èmi náà, kọ́ mi."

Sájẹ̀ńtì bẹ̀bẹ̀ títí. Ó ní ọlọ́pàá á kó òun. Mo bẹ̀bẹ̀, Rísí tí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ ìbá bẹ̀bẹ̀. Màmá Àgbà ti lóṣòó sórí àpò. Nígbà tó rí i pé wọn ò ní dìde, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ní, "Ẹ má fi ìdí bọ́ sílẹ̀ o, Màmá, ẹ̀gbẹ́ ni. Ẹ ká àgbọ̀n mọ́ àyà, kẹ́ ẹ wo ìdodo yín. Kẹ́ ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀, kí ọwọ́ gba ìyà tó yẹ kí ara jẹ." Ó fi ọwọ́ gbé ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì ṣubú. Àtẹ́lẹwọ́ wọn dún pàà. Wọ́n dìde. Wọ́n tún ṣubú. Lẹ́ẹ̀kẹta wọn ò dìde kíá, wọ́n jókòó sórí àpò náà, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀. Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu wọn, omi ń bọ̀ lójú wọn. "Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ìdodo ni kí n wò."

Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọn ò bojú wò mí, ẹsẹ̀ wọn ò sì dúró. Bàbá àgbà mi kàn wọ́n lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ọbẹ̀ tó pẹ́ jinná. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi lọ, egungun ìdí wọn bá ẹnu odó. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá jókòó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni jókòó lé iná ni. Gbogbo ìdúró yẹn, gbogbo rírìn kiri yẹn, tí à ń pè ní àìnísinmi, tí àwa ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìrora ni. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, Màmá Àgbà?" Wọ́n ní, "Ẹ̀ṣẹ́ jinná, Àbẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ ni kò jinná."

Bí mo ṣe mú jùjítsù nìyẹn. Mi ò wò ó pé èwo ló lágbára jù. Òwú àràbà ni Màmá Àgbà fi sanwó ẹ̀kọ́ mi, wọ́n da gbogbo ìyẹ̀fun igi Sájẹ̀ńtì nù, wọ́n rán àpò tuntun mẹ́jọ fún un. Kóòṣì wá fẹjọ́ sùn pé wọ́n gba ọmọ òun lọ. Wọ́n bu omi fún un, wọ́n sì pẹ̀tù sí i nínú. "Iṣẹ́ yín dáa, Kóòṣì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò tíì mọ bí òun ṣe máa bọ́ sílẹ̀, ẹ má tíì kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ẹlòmíì lulẹ̀."

Kí ẹnikẹ́ni má retí pé mo gbé Tàjú sọ sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo tíì fi kọ́ ọ nígbà tí mo tún gba ọ̀nà Ìgándò. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Mo yí ọwọ́ síbi àtàǹpàkò, ó yọ. Ojú tì í níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ló bá tì mí. Mo ká àgbọ̀n, mo wo ìdodo, mo bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀, ilẹ̀ dún pàà, mo sì ti dìde kí ẹ̀rín wọn tó jáde tán. Mo dúró, mò ń wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kejì Màmá Àgbà bá mi dé ibẹ̀, wọ́n na ọrùn ọwọ́ tiwọn sí i. "Tàjú, di tèmi náà mú." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú mọ́ lójú ọ̀nà yẹn, kó tó di pé tíípà gbé e lọ síbòmíràn.

Ṣùgbọ́n bíborí Tàjú kò dá Iléyá dúró. Iléyá dé, bàbá mi sì dé. Ẹrù mi ti wà nínú àpò láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ń tú u, mo ń tún un dì. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, bàbá mi fọhùn.

"Ìyá mi, wọ́n ní ọmọ mi ń bá ọkùnrin ja gídígbò."

"Ìṣubú ló ń kọ́, Ràṣídì."

"Ta ló ń kọ́ ìṣubú? Ẹ jẹ́ kó máa bá mi lọ sílé ọkọ."

Màmá Àgbà lọ dúró síwájú ibùsùn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. "Kò burú. Wá tì mí."

"Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Mo ní kí o tì mí ṣubú."

"Èèwọ̀! Ìyá tó bí mi?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kàn mí lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ẹnu ọ̀nà lo wà. O rò pé mi ò rí ọ ni?"

Mi ò tíì rí ojú bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ojú ọmọ ọdún mẹ́fà lóòótọ́. Màmá Àgbà ò dúró dè wọ́n. Wọ́n ká àgbọ̀n mọ́ àyà, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ sórí òwú, àtẹ́lẹwọ́ wọn dún pàà, wọ́n sì dìde. Bàbá mi ti ń sunkún. "Èyí ni ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ," Màmá Àgbà wí. "Jẹ́ kó kọ́ ọ tán. Bó bá wá fẹ́ ọkọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi lọ." Bàbá mi dá nìkan padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú itan àgbò kan. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo lọ sílé ọkọ, ẹni tí mo fúnra mi mú, ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì fi lọ.

Fóòmù borí wa níkẹyìn, kò sí àní-àní. Màmá Àgbà ò gbà títí ayé. Orí òwú àràbà ni wọ́n ń sùn, ibùsùn kan tó ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara wọn. Oṣù tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àìlà, omi yọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi rí wọn. Ó ní wọ́n ká àgbọ̀n mọ́ àyà, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wọn dún lórí sìmẹ́ńtì bí ìgbà tí ènìyàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó sáré lọ gbé wọn. Wọ́n ti ń dìde. Wọ́n ní, "Mo ṣubú dáadáa." Wọ́n kírun, wọ́n ní àwọn fẹ́ nà díẹ̀ lórí ibùsùn. Wọn ò jí mọ́. Dókítà ní ọkàn wọn ló dúró, pé kì í ṣe ìṣubú.

Mi ò gba dókítà gbọ́ tán. Èmi àti àwọn obìnrin la wẹ òkú wọn, mo sì ń wá àmì ìṣubú náà. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo wo ìbàdí, mo wo ìgúnpá, mo wo orí. Kò sí ibi tó wú, kò sí ibi tó dúdú, kò sí ibi tó bó. Egungun ìdí wọn nìkan ni ọwọ́ mi bá, tó tẹ̀ sápá kan láti ọjọ́ odó yẹn. Mo fi ọwọ́ lé e fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó kù ní kí n ṣe kíá, wọ́n ń retí òkú níta.

Àgbàlá ni a sin wọ́n sí. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń rọra sọ wọ́n kalẹ̀, tí ọ̀kan ń kígbe pé, "Ẹ rọra o, ẹ rọra, kí Màmá má já bọ́." Mo fẹ́ pariwo láti ojú fèrèsé pé kí wọ́n má mikàn, Màmá Àgbà mọ̀ ọ́n ṣubú.